Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi nípa ibi ìfọkọ̀ tí kò ní òṣìṣẹ́

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ púpọ̀, mo sì kí gbogbo ará ilé rẹ. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn láti gbọ́ pé ọkọ̀ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ń ṣe dáadáa. O bi mí bóyá mo ti dé irú ibi ìfọkọ̀ tí kò ní òṣìṣẹ́ rí, níbi tí ẹni tó ni ọkọ̀ ti máa ń san owó sínú ẹ̀rọ, tí yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ọkọ̀ náà, nítorí pé ọ̀kan wà ní ojú ọ̀nà tí ò ń gbà lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò jẹ́ kí o yà síbẹ̀. Ìbéèrè rẹ bọ́ sí àkókò, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọ̀kan fún ìgbà àkọ́kọ́ ni, ohun gbogbo sì ṣì wà lójú mi kedere.

Ibẹ̀ kò ju yàrá gbọọrọ kan lọ: ògiri wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, òrùlé wà lókè, iwájú àti ẹ̀yìn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n fi kọnkéré ṣe ilẹ̀ rẹ̀, ó sì da gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sí ibi ihò tí omi ń gbà lọ. Láti òkè ni apá irin kan ti nà jáde, tó lè yí po láìdúró. Òun ni ó gbé họ́ọ̀sì dání kí ó má baà máa wọ́ nílẹ̀ tàbí kí ó máa ha ara ọkọ̀ bí o ti ń rìn yí i ká. Àpótí ìsanwó wà lára ògiri. Owó ẹyọ ni àwọn kan ń gbà, àwọn kan ń gba káàdì, àwọn mìíràn sì ní owó irin tiwọn tí o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yìí ni bọ́tìnnì kan wà tí a máa ń yí láti yan ohun tí a fẹ́: omi tí a fi ń rẹ ìdọ̀tí, omi ọlọ́ṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì onífóòmù, omi tí a fi ń ṣan ọṣẹ kúrò, wax (ohun tó ń mú ara ọkọ̀ dán), àti omi ìkẹyìn tí kì í fi àmì sílẹ̀. Ohun méjì ni wọ́n fi kọ́ sára ògiri fún ọ láti lò: ọ̀pá omi tó ní ohun tí a ń tẹ̀ nídìí, àti búrọ́ọ̀ṣì tó ní ọ̀pá gígùn, tí fóòmù ń gba àárín irun rẹ̀ jáde.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ṣáájú ohun gbogbo ni pé kì í ṣe omi ni wọ́n ń tà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ọṣẹ; ìṣẹ́jú ni wọ́n ń tà. Bí owó bá ti wọlé báyìí, aago ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka sẹ́yìn nìyẹn, ì báà jẹ́ pé omi ń jáde lọ́wọ́ rẹ tàbí pé o dúró tí ò ń ronú ibi tí o máa kọjú sí. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé fèrèsé kan ni o sáré lọ tì. Nítorí náà, gbogbo iṣẹ́ tí kò bá ti gba omi, kí o tó san kọ́bọ̀ ni kí o ti parí rẹ̀. Bí mo ti pa ẹ́ńjìnnì ni mo ti ti gbogbo fèrèsé, mo wo ọmọrí tánkì epo bóyá ó dé dáadáa, mo kó àwọn máàtì ẹsẹ̀ jáde, mo sì fi wọ́n há àwọn ìdè irin tó wà lára ògiri fún wọn. Mo ka ìlànà tí wọ́n kọ sára pátákó láti òkè délẹ̀, mo rìn yí ọkọ̀ ká láti mọ ibi tí ẹrẹ̀ ti gan jù, mo sì fa họ́ọ̀sì náà dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti rí i pé ó tó. Ẹni tó bá ń wò mí yóò rò pé mo fẹ́ ra yàrá náà ni. Síbẹ̀, nígbà tí aago bẹ̀rẹ̀, n kò dúró ronú lórí ohunkóhun mọ́.

Ọ̀rọ̀ owó náà tún ní ẹ̀tàn díẹ̀ nínú. Ní ọ̀pọ̀ irú ibi bẹ́ẹ̀, iye tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ga ju iye tí a lè fi kún un lọ, bí aago bá ṣì ń kà. Bí o bá jẹ́ kí àkókò tán pátápátá, tí ọṣẹ sì ṣì wà lára ọkọ̀, o di ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àti pé ìwọ àti ẹ̀rọ kò lè dúnàádúrà. Kó owó tàbí káàdì rẹ sí àpò tí ọwọ́ rẹ lè yára dé, kí o sì fetí sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀rọ yìí ló máa ń dún nígbà tí àkókò bá kù díẹ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀pá omi. Fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kọjú ẹnu rẹ̀ sí ilẹ̀, kí o tó tẹ ìdí rẹ̀, nítorí pé yóò tì ọ́ sẹ́yìn. Omi ẹ̀rọ inú ilé kì í sábà ní agbára ju bar 3 tàbí 4 lọ (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tó ń ti omi), ṣùgbọ́n pọ́ǹpù tó wà lẹ́yìn ògiri níbẹ̀ máa ń ti omi jáde pẹ̀lú agbára bíi bar 70 sí 100. Kì í ṣe pé omi náà pọ̀ ju ti họ́ọ̀sì ilé lọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu tóóró tí ó ń gbà jáde àti agbára tó ń tì í ni ìyàtọ̀. Nítorí èyí ni kò fi yẹ kí ẹnu ọ̀pá náà sún mọ́ ara ọkọ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Níbi tí òkúta bá ti ṣá ọ̀dà ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, omi alágbára lè wọ abẹ́ ọ̀dà náà kí ó sì bó o kúrò, ó lè ká etí ohun tí a lẹ̀ mọ́ ọkọ̀, ó sì lè ba ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ bí a bá kọjú rẹ̀ sí i láti itòsí. Má ṣe ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí o máa fọn ọ́n sí ẹ́ńjìnnì, torí àwọn wáyà àti ẹ̀rọ iná tó wà níbẹ̀ kò fẹ́ irú omi bẹ́ẹ̀. Má sì ṣe kọjú rẹ̀ sí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kódà nínú eré, nítorí pé ó lè ya ara.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fi omi ṣe ni láti lé iyanrìn àti ẹrẹ̀ kúrò kí ohunkóhun tó kan ara ọkọ̀, ibí yìí sì ni mo lo àkókò sí jù, láìkábàámọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti òrùlé wá sísàlẹ̀, mo sì dúró pẹ́ lábẹ́ ibi tí táyà ń yí sí, torí pé ẹrẹ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tí a ń rí níta lọ. Ìgbẹ́ ẹyẹ àti òkú kòkòrò tó gbẹ mọ́ iwájú ọkọ̀ nílò omi ìrẹ̀dọ̀tí kí wọ́n tó gbà láti kúrò, ó sì yẹ kí a tètè mú wọn kúrò, nítorí pé wọ́n máa ń jẹ ọ̀dà bí wọ́n bá pẹ́ níbẹ̀ nínú oòrùn. Ní ti ẹsẹ̀ ọkọ̀, eruku dúdú tó máa ń bò ó jẹ́ ohun tó ń họ kúrò lára bíréèkì, irin sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé, jẹ́ kí bíréèkì tutù ná kí o tó da omi sí i, nítorí pé omi tútù lórí irin gbígbóná lè mú kí ó wọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọṣẹ. Ìsàlẹ̀ ni mo ti fọn omi ọlọ́ṣẹ lọ sókè, mo sì ṣan án kúrò láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó lè dà bíi pé kò ní ìdí, ṣùgbọ́n apá ìsàlẹ̀ ni ó dọ̀tí jù, bí ọṣẹ bá sì kọ́kọ́ dé ibẹ̀, yóò pẹ́ lórí ìdọ̀tí náà ju ti ibòmíràn lọ. Má sì jẹ́ kí ọṣẹ gbẹ mọ́ ara ọkọ̀, pàápàá bí oòrùn bá ń wọ yàrá náà láti ẹ̀gbẹ́, torí ọṣẹ tó bá gbẹ máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀ tí omi lásán kò ní lè mú kúrò kíákíá.

Ọ̀rọ̀ búrọ́ọ̀ṣì ni èmi àti ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí. Fóòmù rẹ̀ pọ̀, ó rọ̀, ó sì wu ojú, o ò sì ní mọ ìgbà tí wàá ti máa fi gbo ara ọkọ̀ káàkiri. Àmọ́ ronú sí ẹni tó lò ó kí o tó dé. Bóyá ọkọ̀ tó ti oko dé ni onítọ̀hún fi fọ̀, bóyá ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ó fi ń gbo, tàbí kí ó tiẹ̀ ti já bọ́ sílẹ̀ lórí kọnkéré. Iyanrìn tó bá há sínú irun rẹ̀ yóò wá máa fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sára ọ̀dà ọkọ̀ tìrẹ, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi iyanrìn ha ìdí ìkòkò. Àwọn ìlà wọ̀nyí kì í hàn nínú yàrá náà. Ìgbà tí ọkọ̀ bá jáde sí oòrùn ni a tó ń rí wọn. Bí ó bá jẹ́ dandan kí o lò ó, kọ́ ọ mọ́ ògiri, kọjú ọ̀pá omi alágbára sí i títí omi tó ń jáde lára rẹ̀ yóò fi mọ́, kí o sì lò ó fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ nìkan, ní ìgbẹ̀yìn. Èmi kò jẹ́ kí ó kan ara ọkọ̀ mi rárá. Mo gbà pé ìdọ̀tí tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń kù lẹ́yìn omi alágbára nìkan, bíi kùrukùru tí ìka lè mú kúrò, ṣùgbọ́n kùrukùru yẹn sàn fún mi ju ìlà tí kò ní kúrò mọ́ lọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni omi ìkẹyìn. Mo ti rò pé ọ̀nà àtigba owó sí i lásán ni, títí mo fi mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Omi lásán ní àwọn nǹkan bíi calcium àti magnesium tó yòrò sínú rẹ̀. Bí omi bá gbẹ, àwọn nǹkan yìí kì í bá a lọ, àwọn ni ó ń di àmì funfun róbótó tí a ń rí lára ọkọ̀ dúdú àti lára gíláàsì. Omi ìkẹyìn yìí ti gba inú asẹ́ tó ní ihò kíkéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé omi nìkan ló ń kọjá dáadáa, tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn nǹkan náà sì ń dúró sẹ́yìn. Nítorí náà, bí ó bá tilẹ̀ gbẹ fúnra rẹ̀, kò sí ohun púpọ̀ tí yóò fi sílẹ̀. Má ṣe fò ó, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ tìrẹ jẹ́ dúdú. Wax ní tirẹ̀ máa ń jẹ́ kí omi tètè yọ̀ kúrò lára ọkọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ níbẹ̀; o lè fi í sílẹ̀ láìpàdánù ohun kan pàtàkì.

Bí o bá ti parí, wa ọkọ̀ jáde kúrò nínú yàrá kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún, nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ. Táwẹ́ẹ̀lì onírun wẹ́wẹ́ tó mọ́ ni kí o lò, kí o sì ṣí gbogbo ilẹ̀kùn àti búùtù láti nu etí wọn, torí omi máa ń fara pamọ́ síbẹ̀ àti sẹ́yìn dígí ẹ̀gbẹ́, yóò sì ṣàn jáde nígbà tí o bá ti rò pé iṣẹ́ ti tán. Ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí inú ọkọ̀ wà níta, òun náà sì ní aago tirẹ̀. Kó gbogbo ìwé àti páálí kúrò ní ilẹ̀ ọkọ̀ kí o tó san owó rẹ̀. Bí o bá wọ ojú ọ̀nà, rọra tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ kí ó lè gbẹ, torí bíréèkì tí omi wà lára rẹ̀ kì í tètè mú ọkọ̀ dúró.

O tún kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ pé korobá àti kànìnkànìn ní iwájú ilé tó ọ. Wọ́n tó, n kò sì sọ pé ọkọ̀ rẹ kò ní mọ́. Ní tòótọ́, ọwọ́ àti kànìnkànìn tó mọ́ máa ń fọ ọkọ̀ jinlẹ̀ ju ọ̀pá omi lọ. Ṣùgbọ́n ro ibi tí omi ìfọkọ̀ ń lọ. Ní iwájú ilé, omi náà, pẹ̀lú epo, gírísì àti eruku bíréèkì inú rẹ̀, sábà máa ń gba gọ́tà lọ sínú odò bí ó ti wà. Lábẹ́ ihò tí mo sọ fún ọ nínú yàrá yẹn ni kòtò kan wà tí iyanrìn ti ń rọ̀ sísàlẹ̀, ní ọ̀pọ̀ irú ibẹ̀ wọ́n sì máa ń ya epo sọ́tọ̀ kí omi tó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú omi ìdọ̀tí. Èyí nìkan tó fún mi láti padà síbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá kún fún ẹrẹ̀, kí n sì fi kànìnkànìn sílẹ̀ fún ìgbà tí eruku bá jẹ́ díẹ̀.

Bí o bá fẹ́ lọ, lọ ní àkókò tí kò sí ìlà ọkọ̀, kí ojú ẹnikẹ́ni má baà máa lé ọ. Kọ̀wé sí mi nígbà tí o bá ti ṣe é, kí o sì sọ irú omi tí bọ́tìnnì tiwọn ní fún mi, nítorí mo gbọ́ pé kì í ṣe ibi gbogbo ni omi ìkẹyìn yẹn wà.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.