Àbẹ̀kẹ́, ta lò ń jábọ̀ fún?

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé tí mo ti ń pè ọ́, o ò gbé e. Ẹnu Kẹ́hìndé ni mo ti gbọ́ pé wọ́n tún ti yí orúkọ ọ́fíìsì DEI yín ní yunifásítì padà, ọ́fíìsì tó ń rí i pé onírúurú èèyàn rí àyè ọgbọọgba, pé ìwọ nìkan lo kù níbẹ̀. Ṣé ẹnu àbúrò rẹ ló yẹ kí n ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí? Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú bàbá rẹ, ó ti ń ríran. Ọmọ Táíwò ti ń rìn.

Ta lò ń jábọ̀ fún báyìí? Ìbéèrè yẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn. Bó bá jẹ́ ààrẹ yunifásítì tàbí provost, olórí ètò ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ rẹ á dé ibi tí wọ́n ti ń pín owó. Bí wọ́n bá ti sún ọ sábẹ́ ẹ̀ka ìpolówó, àwòrán ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ rẹ. Wo ibi tí owó oṣù àwọn tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ ti ń wá pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ owó ìrànwọ́ ọlọ́dún mẹ́ta ló gbé ètò kan ró, ọjọ́ tí owó náà bá tán lètò náà ń kú.

Òfin SB 17 ti ìpínlẹ̀ Texas bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024. Ó ní kí yunifásítì ìjọba má ní ọ́fíìsì DEI, kí wọ́n má sì fi dandan gba ìwé èrò lórí DEI lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò kan ẹ̀kọ́ inú kíláàsì, ìwádìí àwọn ọ̀mọ̀wé, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti ìkójọ dátà. Àhesọ ni ọ̀pọ̀ ń gbọ́ tí wọ́n fi ń pa ètò tí òfin ò fọwọ́ kàn rárá. Jókòó ti agbẹjọ́rò yunifásítì, kí o gba èsì rẹ̀ ní kíkọ. Má sì gbára lé orúkọ tuntun: ní yunifásítì Texas tó wà ní Austin, wọ́n yí orúkọ ẹ̀ka DEI wọn padà, síbẹ̀ wọ́n ti ẹ̀ka náà pa ní oṣù kẹrin 2024, ọ̀pọ̀ sì pàdánù iṣẹ́. Òfin ADA ti 1990, òfin Amẹ́ríkà tó dáàbò bo àwọn tó ní ìpèníjà ara, ṣì wà o! Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà ara ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí àyè rẹ̀.

Dátà ni kí o dì mú. Má dúró sórí iye akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé. Wo iye tó dé ọdún kejì, àti iye tó parí láàárín ọdún mẹ́fà. Bí o bá rí i pé ìṣirò ọdún kìíní ló ń dá àwọn kan padà sílé, ẹ̀ka ìṣirò ni kí o lọ bá. Kí olùrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ wà fún gbogbo ẹni tó bá wọ kíláàsì náà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi òfin mú yín. Bí iye ẹgbẹ́ kan kò bá tó mẹ́wàá, má tẹ̀ ẹ́ jáde, àwọn èèyàn á dá wọn mọ̀. Má sì ṣe ìwádìí èrò tuntun nígbà tí o kò tíì sọ èsì ti àtijọ́ fún àwọn tó dá ọ lóhùn; wọn ò ní dáhùn mọ́.

Ọmọ mi, nígbà tí wọ́n fún ọ níṣẹ́ yìí, o fẹ́ béèrè owó àti òṣìṣẹ́ kí o tó fọwọ́ síwèé. Èmi ni mo pa ọ́ lẹ́nu mọ́, tí mo ní kí o kọ́kọ́ dúpẹ́. O gbọ́ tèmi, láti ìgbà náà lo ti ń dá ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́rin. Mo ṣì ọ́ lọ́nà, Àbẹ̀kẹ́. Béèrè báyìí. Pín iṣẹ́ náà fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí ìgbìmọ̀ ìgbanisíṣẹ́ kọ òṣùwọ̀n wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ìwé ẹnikẹ́ni, kí wọ́n fi í sínú ìlànà wọn, kí ó má jẹ́ pé orí rẹ nìkan ló wà.

Gbé fóònù rẹ. Mi ò ní bá ọ wí. Ṣáà sọ ẹni tí ò ń jábọ̀ fún fún mi, kódà bí kò bá sí ẹnì kankan mọ́.

Ìyá rẹ