Ẹ gòkè wo jáńgílọ́fà kí ẹ tó kùn ún lọ́dà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ọjọ́ àwọn ọmọdé, 27 oṣù karùn-ún, bá ti ń kàn, ọ̀dà ni. Ọgbà òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yìn ilé oúnjẹ, àgbàlá jẹ́lé-ó-sinmi, ibi yòówù tí ọmọ ti ń gun jáńgílọ́fà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, wọn á fi pupa, yẹ́lò àti búlúù kùn ún, á máa dán gbinrin. Àwa tí a ń jó irin ní Tákìé ò bá ọ̀dà jà. Àmọ́ ọ̀dà tuntun yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí ojú rí ibi tí irin ti là. Ẹ̀tẹ̀ là ń fi sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá. Ẹ̀bẹ̀ wa ò ju pé kí ẹni tó ni ibẹ̀ gbé àkàbà, kó gòkè wo orí jáńgílọ́fà, kó tó lọ ra gálọ́ọ̀nù ọ̀dà kankan. Òbí tó bá mú ọmọ lọ síbẹ̀ náà ní ohun tó lè fojú wò láti ilẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó.

Orí ni ewu wà. Ṣéènì kì í sábà já láàárín. Ibi tí ojú ṣéènì àkọ́kọ́ ti kọ́ mọ́ ìkọ́ lókè ni irin ti ń yún irin, ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá fì síwájú tó fì sẹ́yìn. Ẹ gbé ṣéènì náà sókè díẹ̀ kó kúrò ní ibùjókòó rẹ̀, ẹ ó rí kòtò kékeré kan nínú ìkọ́, tó ń dán bí owó ẹyọ tuntun. Bí irin ìkọ́ náà bá nípọn ní mìlímítà 12 nígbà tí a gbé e síbẹ̀, tó wá ku 8, ìdá kan nínú mẹ́ta ti lọ nìyẹn. Ẹ yọ ọ́ dànù. Ẹ má ní kí wẹ́dà bá yín fi iná dí kòtò náà, nítorí ojú ibi tí a bá jó kì í dán. Gbùngbùn rẹ̀ ni yóò máa ha ṣéènì, kò sì ní pẹ́ tí ojú ṣéènì náà yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́. A mọ̀ pé iṣẹ́ tiwa nìyẹn, owó ni a sì ń sọ pé kí ẹ má san fún wa. Ìkọ́ tuntun ni kí ẹ rà.

Ẹ wo ẹnu ìkọ́ náà pẹ̀lú. Ó yẹ kó pa dé pátápátá. Bí èékánná yín bá lè wọlé síbẹ̀, ó ti là jù: ṣéènì lè yọ jáde lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ méjì bá jọ dúró lórí ìjókòó kan, etí rẹ̀ sì lè kọ́ aṣọ tàbí híjáàbù ọmọ. Ti igbe tó máa ń ké ńkọ́? Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, àwọn àgbà á ní epo ló ń wá. Òótọ́ ni pé gírísì á pa igbe náà, ṣùgbọ́n kò ní dá irin tó ti jẹ padà. Jáńgílọ́fà tó bá ń ké, ẹ gòkè wò ó kí ẹ tó da gírísì sí i.

Lẹ́yìn orí, ẹsẹ̀ ló kàn. Páìpù tó dúró ṣinṣin lójú lè ti jẹ tán ní ìdí, níbi tí irin ti wọ ilẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni omi àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé. Ẹ fi ọwọ́ wa yanrìn ìdí rẹ̀ kúrò ní ínǹṣì mẹ́rin sísàlẹ̀, kí ẹ wá fi sípánà lù ú. Irin tó yè á dún gooro; èyí tí ìpẹtà ti jẹ á dún pọ̀, bí ẹni lu igbá tó ti fọ́. Àṣìṣe tó ń fà á kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́, kọnkéré tí wọ́n dà sí ìdí rẹ̀ ní kòtò lójú, omi òjò á wá dúró yí páìpù ká. Ó yẹ kí ojú kọnkéré ga ní àárín kó sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí yanrìn sì bò ó kí ọmọ má baà forí gbá a. Kí wọ́n fi ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì ra páìpù náà níbi tó ti wọ ilẹ̀. Èkejì, páìpù tí wọn ò fi irin dí ẹnu rẹ̀ lókè. Òjò á rọ̀ sínú rẹ̀, ìpẹtà á sì máa jẹ ẹ́ láti inú, níbi tí ọ̀dà yín ò lè dé láéláé. Tó bá jẹ́ igi ni wọ́n fi ṣe é, ikán ilẹ̀ wa ò ní pẹ́ débẹ̀. Ẹ fi ìṣó gún ìdí igi náà. Bó bá wọlé wọ̀ọ̀, ó ti tán nìyẹn. Ọyẹ́ náà máa ń mú kí igi súnkì, nọ́ọ̀tì á sì dẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí ẹ tún wọn fún ní oṣù kìíní, kí ẹ sì tún padà wò wọ́n nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa.

Yanrìn ni ibi tí ọ̀pọ̀ ń fojú tín-ínrín jù. Ilẹ̀ pupa wa yìí, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú un tán, kò yàtọ̀ sí kọnkéré. Ẹ wọn ibi tí ọmọ lè já bọ́ sí. Tí ọ̀pá tí ṣéènì kọ́ sí bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ó yẹ kí yanrìn lọ síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà 12, kó lọ sẹ́yìn ní 12, kó sì fi 6 yọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Férémù tó bá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12 á wá gba ilẹ̀ 24 sí 24. Jíjìn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ínǹṣì 12. Bí ẹ bá ṣírò ìyẹn, ó lé díẹ̀ ní mítà kíúbíìkì 16. Típà kékeré kan ò lè ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Àárín ìjókòó àti yanrìn náà, ẹ fi ínǹṣì 12 sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ ọmọ tó bá ṣubú sábẹ́ rẹ̀ má baà há.

Yanrìn odò tí a ti fọ̀ ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń rẹ́ ilé. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fi omi díẹ̀ sí i, ẹ fún un, ẹ gbé e sójú oòrùn. Bó bá gbẹ tán tí kò tú, amọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, yóò sì dì lẹ́yìn òjò méjì. Yanrìn rere pàápàá kì í dúró: abẹ́ jáńgílọ́fà gan-an àti ìdí síláìdì ni ẹsẹ̀ ọmọ ti ń gbá a kúrò, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń ṣubú jù. Ẹ rí bí ọ̀ràn náà ṣe rí. Kí olùtọ́jú ibẹ̀ máa fi réèkì fà á padà láràárọ̀. Á kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ti ológbò dànù, á rí ìgò tó fọ́, á sì rí ìṣó. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó fi ṣọ́bìrì yí i.

Síláìdì onírin ní tirẹ̀, oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Àwọn ọmọ ń dé láti ilé-ìwé ní agogo mẹ́ta sí mẹ́rin, oòrùn ti wà ní ìwọ̀-oòrùn nígbà yẹn. Síláìdì tó bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn á gbóná bí àwo tí wọ́n gbé lórí iná. Kí wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí àríwá tàbí ìlà-oòrùn, tàbí kí wọ́n gbé e sábẹ́ igi. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín lé e, ẹ ka ení dé àrún. Bí ẹ ò bá lè dúró, ọmọ ò gbọ́dọ̀ jókòó. Òjìji máńgòrò dára, kí a sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n nígbà máńgòrò, èso jíjẹrà á mú kí ilẹ̀ máa yọ̀, eṣinṣin á sì kún ibẹ̀. A ò ní kí ẹ gé igi o. Ẹ gbá abẹ́ rẹ̀. Ohun kan tún wà tí àwọn ìyá máa ń ṣe: wọ́n á gbé ọmọ kékeré lé itan, wọ́n á jọ yọ̀ sílẹ̀. Bí bàtà ọmọ náà bá ha mọ́ ẹ̀gbẹ́ síláìdì, ìwọ̀n ara ìyá á ti òun síwájú, ẹsẹ̀ ọmọ á dúró sẹ́yìn, egungun á sì ṣẹ́. Ọmọ tí kò bá lè dá yọ̀ kò tíì tó gùn ún.

Ìyókù yá. Ẹ fi téèpù wọn àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá pẹpẹ àti àtẹ̀gùn: èyí tó bá wà láàárín ínǹṣì 3½ sí 9 lè gba ara ọmọ kọjá kó há orí rẹ̀. Okùn káàdì ilé-ìwé àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ẹ bọ́ wọn kí ọmọ tó gòkè. Táyà tí ẹ fi ṣe ìjókòó, ẹ lu ihò mẹ́ta mẹ́rin sí abẹ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀fọn ò nílò ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí díẹ̀ lé lọ láti di odidi nínú omi tó bá dúró síbẹ̀. Ẹ sì fọwọ́ kan ibi tí ẹ ti gé e bóyá wáyà inú rẹ̀ ń gún ọwọ́. Ìjókòó onípákó ò dára, torí ó máa ń gbá ọmọ tó bá ń kọjá lórí.

Bí ẹ bá rí ohun tó bàjẹ́, ẹ má kàn kọ "ẹ má fọwọ́ kàn án" sára rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ tú ìjókòó rẹ̀ kúrò, ẹ wé ṣéènì mọ́ ọ̀pá òkè títí wẹ́dà yóò fi dé. Bí a bá tún un ṣe tán tí a kùn ún, ọ̀dà nílò ọjọ́ méjì mẹ́ta kó tó gbẹ dáadáa, nítorí náà kí ẹ má dúró di 26 kí ẹ tó ránṣẹ́ sí wa.

Àwa wẹ́dà méjì,
Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́.