Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ojú fóònù rẹ̀

Àjọkẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Láti ọjọ́ Sátidé tí a jọ lọ ra oògùn bàbá rẹ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. A dúró níwájú káńtà, èrò ti tò sẹ́yìn wa, o sì ń fi àtàǹpàkò gbá ojú fóònù rẹ síwá sẹ́yìn, o ń wá áàpù báńkì. Ojú-ewé méje ni mo kà. Ìsàlẹ̀ ojú-ewé kẹfà ni ó wà, láàárín géèmù méjì tí àwọn ọmọ gbé síbẹ̀, o sì ti kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. N kò sọ̀rọ̀ níbẹ̀, nítorí mo rí i pé ọwọ́ rẹ ti ń gbọ̀n.

Ọmọ mi, má ṣe máa fi ojú wá ohun tí o mọ orúkọ rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android bíi tìrẹ, bí o bá fi ìka fa ojú-ewé àkọ́kọ́ láti ìsàlẹ̀ sókè, gbogbo áàpù ni yóò tò síwájú rẹ, àyè tí a ń kọ orúkọ sí yóò sì wà níbẹ̀. Lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta péré ti tó kí báńkì rẹ fi yọjú. Ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó ń lo iPhone, àárín ojú fóònù ni ó ti ń fà á wálẹ̀.

Ojú-ewé àkọ́kọ́ ni kí o tò bí o ṣe ń to ilé ìdáná: iyọ̀ àti ṣíbí kì í jìnnà sí ààrò, odó ni ó lè wà lẹ́yìnkùlé. Fi áàpù báńkì sí ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, nítorí ìlà yẹn kì í yẹ̀ bí o tilẹ̀ ṣí lọ sí ojú-ewé mìíràn. Ní ti àwọn géèmù, tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀ títí yóò fi ṣeé gbé, kí o wọ́ ọ lé èkejì lórí. Àwọn méjèèjì yóò wọ inú fódà kan ṣoṣo, o sì lè sọ ọ́ ní "Ọmọdé". Má ṣe kó báńkì sínú fódà kankan.

Bí o bá ń palẹ̀ mọ́, ka ohun tí fóònù kọ kí o tó tẹ̀ ẹ́. "Remove" kàn ń mú àmì áàpù kúrò lójú ni, ṣùgbọ́n "Uninstall" ń yọ áàpù náà fúnra rẹ̀ kúrò nínú fóònù. Èmi tẹ èkejì lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ méjì gbáko ni n kò fi lè fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, títí mo fi parí ìforúkọsílẹ̀ tuntun ní báńkì.

Mú fóònù náà dání bí o bá ń bọ̀ ní Sátidé, kí a jọ tò ó kí a tó jáde, nítorí oògùn bàbá rẹ kan ṣì kù tí a ó rà.

Èmi ni,
Màmá rẹ.