Ẹ Jẹ́ Kí Adájọ́ Ìdíje Mójú Tó Bí Wọ́n Ṣe Ń Yí Káàdì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti bá àwọn tó ń ṣètò ìdíje káàdì Magic: The Gathering fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ìkòròdú sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń yí káàdì, èyí tí àwọn tó ń ta á ń pè ní táàpù.

Nínú Whot tí tọmọdé tàgbà mọ̀, káàdì tí a bá ti jù sílẹ̀ ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Magic, tí Richard Garfield ṣe, tí ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast ní Amẹ́ríkà sì gbé jáde lọ́dún 1993, kò rí bẹ́ẹ̀. Orí tábìlì ni ọ̀pọ̀ káàdì ń wà, ìdúró wọn ló sì ń sọ fún ẹni tí a jọ ń ta á bóyá a ti lò wọ́n. Káàdì ilẹ̀ tí a bá fi sanwó láti lo káàdì mìíràn, àti ọ̀pọ̀ káàdì ẹ̀dá tí a bá rán lọ jagun, la ó yí sí ẹ̀gbẹ́ títí ó fi tún máa kàn wá. Ẹ̀dá tí a ti yí kò lè dènà ogun mọ́, nítorí náà ẹni tó bá ṣi ìdúró káàdì kan kà lè ti ibẹ̀ pàdánù.

Ohun tí mo ń rí ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ kàn ń ti orí káàdì díẹ̀ ni. Káàdì inú ọ̀rá a máa yọ̀ lórí tábìlì oníike. Bí fáànù bá fẹ́ sí i, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn náà á wọ́. Ọ̀kan á ní òun kò tíì lo ilẹ̀ òun, èkejì á ní ó ti lò ó, ariwo á sì ta, bẹ́ẹ̀ n kò gbà pé ṣe ni wọ́n fẹ́ rẹ́ ara wọn jẹ.

Òfin ìdíje ti là á sílẹ̀: káàdì tí a ti lò gbọ́dọ̀ yí tó nǹkan bí 90 dígírì, èyí tí a kò tíì lò yóò kọjú sí ẹni tó ni ín, àwọn ilẹ̀ yóò sì wà nítòsí rẹ̀, kí àwọn yòókù wà níwájú. Ẹ jẹ́ kí adájọ́ kà á sétí àwọn ọmọ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa rìn yí tábìlì ká. Bákan náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan káàdì ẹlòmíràn láìtọrọ àyè, torí owó ńlá ni wọ́n fi ra òmíràn. Bí àríyànjiyàn bá sì ṣẹlẹ̀, kí wọ́n nawọ́ pe adájọ́, kí káàdì wà bó ṣe wà títí yóò fi dé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òbí kan láti Ìgbógbo, Ìkòròdú.