Àbẹ̀kẹ́, ohun tí ẹ ó máa ṣe lórí ìlà

Ìṣokùn,
Ọ̀yọ́.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìrìn àjò. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, pé ẹ ti sanwó ìwọlé Magic Kingdom, páàkì ìṣeré Disney tó wà lẹ́bàá Orlando ní Florida, pé oṣù Keje lẹ ń lọ, àti pé kì í ṣe owó ló ń já ẹ láyà bí kò ṣe ìlà. Wọ́n ní èèyàn lè dúró fún wákàtí kan àbọ̀ kó tó gun ohun tí kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Wọn kò parọ́ fún ẹ. Nígbà tí mo wá bá yín tọ́jú Ìdòwú, tí ọkọ rẹ kó èmi àti àwọn ìbejì lọ síbẹ̀, tí ìwọ àti ọmọ tuntun dúró sí òtẹ́ẹ̀lì, èmi náà tò. Ẹsẹ̀ mi ṣì mọ̀ ọ́n. N kò ní pa òwe sùúrù kankan fún ẹ, o ti gbọ́ wọn lẹ́nu mi títí wọ́n fi sú ẹ. Ohun tí èèyàn lè máa ṣe lórí ìlà ni mo fẹ́ bá ẹ sọ, kí ẹ lè gbé e láti ilé lọ.

Àwọn tó ni ibẹ̀ mọ̀ nípa ìlà ju wa lọ. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1971 ni wọ́n ṣí i, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí oyè nígbà náà, láti ìgbà yẹn wá ni wọ́n sì ti ń kọ́ bí a ti ń tan ẹsẹ̀ ọmọ aráyé. Wọn kì í jẹ́ kí ìlà lọ tààrà kí o rí òpin rẹ̀. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, wọ́n á fi ògiri bo ìyókù. O rò pé o ti dé, kọ̀rọ̀ mìíràn ló tún yọ. Wọ́n á wá fi ohun tí ojú yóò máa wò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Níbi Seven Dwarfs Mine Train, ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń sáré gba inú ihò ìwakùsà, wọ́n ṣe ibì kan tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré fífọ òkúta iyebíye, wọ́n sì to àgbá tí ọmọ lè máa fọwọ́ yí. Ẹ má sáré kọjá wọn nítorí pé àwọn tó wà níwájú ti sún. Táyé fẹ́ràn àgbá yẹn débi pé ó sunkún nígbà tí ó kàn wá láti wọ ọkọ̀.

Ṣé o rántí ẹnu ẹ̀rọ omi tó wà nítòsí ilé wa? Lọ́jọ́ tí omi bá ń yọ, kì í ṣe èèyàn ló ń tò níbẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Wàá gbé tìrẹ kalẹ̀ sẹ́yìn ti ará ilé kejì, wàá fi òkúta sínú rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ, ó di abẹ́ igi màngòrò, tẹ́ǹ-tẹ́ń ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tí ẹnì kan bá pariwo pé "Bọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé yìí, ta ló ni ín?" lẹ tó máa ń sáré padà. Oòrùn lè mú títí, mi ò gbọ́ ọ rí kí ọmọ kan sọ pé ìlà sú òun, torí kò sí ọmọ kankan lórí ìlà. Ní Orlando, ẹ̀yin fúnra yín ni bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò sóhun tí yóò bá yín dúró. Eré ni yóò wá bá yín níbi tí ẹ tò sí, ìwọ àti ọkọ rẹ lẹ ó sì gbé e wá.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí eré. Kí ẹ tó wọ ìlà èyíkéyìí, kí gbogbo ọmọ lọ tọ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn kò fẹ́ tọ̀, kí wọ́n lọ gbìyànjú. Wọ́n gbà kí èèyàn gbé oúnjẹ àti omi tirẹ̀ wọlé, bí kò bá ti sí ìgò níbẹ̀, àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké inú páàkì náà sì máa ń bu omi tútù fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ bí èèyàn bá béèrè. Di kókóró àti ìpékeré sínú ọ̀rá wẹ́wẹ́, ọ̀rá kan fún ìlà kan, má sì jẹ́ kí wọ́n rí ìyókù. Ọmọ tó bá mọ iye tó wà nínú báàgì ti jẹ ẹ́ tán lójú kó tó dé ẹnu.

Àlọ́ àpamọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí kò gba àyè, kò gba iná, Ìdòwú pàápàá sì lè máa dáhùn "Ààlọ̀!" láìmọ ohun tó ń lọ. Fún wọn ní awẹ́ obì kan à jẹ dọ́yọ̀ọ́. Wọn ò ní tètè mọ̀ pé ahọ́n ni. Jẹ́ kí wọ́n máa yọ ọ́ síta, kí wọ́n máa ronú pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́nu. Gbogbo ilé sùn, Káńbó ò sùn. Ìyẹn á mú wọn di imú mú nígbà tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n. Èyí tó ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba ńkọ́? Fi í pamọ́ di ọ̀sán. Ní Florida, oṣù Keje, ọ̀sán kì í sábà kọjá láìsí òjò àti ààrá, tí ààrá bá sì ti ń sán, wọ́n á dá àwọn ohun tí èèyàn ń gùn ní gbangba dúró. Nígbà yẹn ni kí o pa á, kí àgbàrá fúnra rẹ̀ wá dá wọn lóhùn lórí kọnkéré.

Nígbà tí tìrẹ bá tán, dá a padà fún wọn: kí àwọn náà wá àlọ́ láti inú ohun tí wọ́n ń rí yíká. Ohun tí mo fi gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni ní pámárì rí ni pé ọmọ tó ń dáhùn àlọ́ lè máa tòògbé, èyí tó ń wá àlọ́ tí yóò pa fún ẹlòmíràn kì í tòògbé. Kẹ́hìndé pa ọ̀kan fún mi lórí fóònù lóṣù tó kọjá: "Ó ní etí ńlá méjì, kò gbọ́ nǹkan kan, orí olórí ló ń gbé." Mo rò ó títí, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Fìlà elétí Mickey Mouse, eku Disney, tí gbogbo ènìyàn ń dé ká inú páàkì ni! Ọmọ tó lè ṣe èyí, kí lo fẹ́ fi fóònù ṣe fún un?

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù rèé. Mo ti sọ pé ìlà wọn ní kọ̀rọ̀. Ní kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, fún wọn ní ẹyọ oríkì kan. Bí ẹ bá ti ń wọlé, "Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn." Kí àwọn méjèèjì máa tún un sọ títí ẹ ó fi dé ibi tí ìlà ti ṣẹ́rí. Ibẹ̀ ni kí o ti fi "ẹdúnjọbí" lé e. Tí ẹ bá tún yí, "ó bẹ́ kìṣì, ó bẹ́ késé," kí wọ́n sì bẹ́ ní tòótọ́, ẹsẹ̀ tó ti kú á jí. Kọ̀rọ̀ tó kàn, ó bẹ́ sílé alákìísà, ó sọ alákìísà di onígba aṣọ. Tí ìlà bá gùn, oríkì á gùn. Tí ìlà bá tètè tán, ẹ sàmì síbi tí ẹ dé, kí ẹ gbà á níbẹ̀ lórí ìlà kejì. Ẹ rọra pè é o, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ tò. Ṣùgbọ́n tí àwọn tó wà lẹ́yìn bá béèrè ohun tí àwọn ọmọ ń sọ, kí Táyé ṣàlàyé fún wọn, ẹnu rẹ̀ yá ju ti Kẹ́hìndé lọ.

Ará Atlanta ni wọ́n ń pe ara wọn, kò burú, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Jẹ́ kí wọ́n kàn mọ̀ pé adúgbò tí màmá àgbà wọn ti ń kọ lẹ́tà ni oríkì wọn ń dárúkọ. (Iléṣà náà ní Ìṣokùn, mo mọ̀. Mi ò ní bá wọn du ú nínú lẹ́tà yìí.) O ti ń sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tó pẹ́ pé o kò rí àyè kọ́ wọn ní Yorùbá, pé tí wọ́n bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, bọ́ọ̀lù ni, iṣẹ́ àṣetiléwá ni, oorun ni. Wò ó, ibo lo tún fẹ́ ti rí ọmọ ọdún mẹ́fà méjì mú dúró fún wákàtí kan àbọ̀, tí irin wà lápá ọ̀tún, tí irin wà lápá òsì, tí kò síbi tí wọ́n lè sá gbà? Disney ti bá ẹ ṣe é, ẹ sì ti sanwó.

Ti fóònù, mi ò ní kí o jù ú nù. Inú rẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì yín wà, inú rẹ̀ náà lẹ ti ń rí iye ìṣẹ́jú tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń gbà, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó kú sọ́wọ́ ọmọdé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ gbé páwà báǹkì dání. Tí gbogbo eré bá tán, tí Ìdòwú bá dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tó ń ké, gbé fóònù fún un. Èmi kò sí níbẹ̀, mi ò ní bá ẹ jà.

Ó ku ọ̀rọ̀ gíga, èyí sì lè ba gbogbo ọjọ́ náà jẹ́ tí ẹ kò bá mójú tó o. Wọ́n ń wọn ọmọ lẹ́nu ọ̀nà. Space Mountain, ọkọ̀ tó ń sáré nínú òkùnkùn, ń fẹ́ ínǹṣì 44, Mine Train ń fẹ́ 38. Wọn àwọn ìbejì nílé. Nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, ó jọ pé Táyé á kọjá 44, Kẹ́hìndé kò sì ní tó o, ó sì máa ń le fún ẹ̀gbọ́n kí àbúrò fi gíga jù ú lọ. Ilé ni kí o ti sọ fún un, kì í ṣe lójú òṣìṣẹ́ tó mú ọ̀pá ìwọ̀n dání. Má sì jẹ́ kí ọkọ rẹ ki bébà bọ bàtà ọmọ. Ó dá a lábàá nígbà yẹn. Mo mọ̀ pé ó ń ṣeré ni, àmọ́ mi ò bá a rẹ́rìn-ín.

Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní Rider Switch, wọn kì í gbowó rẹ̀. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ ní ọmọ tí kò ga tó. Ọkọ rẹ á tò pẹ̀lú Táyé, ìwọ á wà ní ibòji pẹ̀lú Kẹ́hìndé àti Ìdòwú. Tí wọ́n bá jáde, ìwọ á gba ọ̀nà kúkúrú wọlé láìtò láti ìbẹ̀rẹ̀, Táyé sì lè bá ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀mejì fún Táyé, òdo fún Kẹ́hìndé: ṣé o rí wàhálà tó ń bọ̀? Kí Kẹ́hìndé ni yóò yan ibi tí ẹ ó lọ lẹ́yìn ìyẹn, ohun yòówù kó yàn, ìbáà jẹ́ ẹṣin onígi tó ń yí po.

O béèrè bóyá kí ẹ ra ọ̀nà àbùjá tí wọ́n ń pè ní Lightning Lane. Ní 1999 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀, FastPass ni orúkọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Láti 2021 ó di owó, owó náà sì ń yàtọ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Mi ò rò pé ó yẹ kí ẹ rà á fún gbogbo nǹkan. Ẹ dé ẹnu géètì kí wọ́n tó ṣí i, kí ẹ kọjú sí ohun tó ń fa èrò jù kí oòrùn tó gòkè. Tí ẹ bá fẹ́ náwó, ẹ ná an sórí ẹyọ kan ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oríkì àti àlọ́ bá ti rẹ̀ yín.

Ẹ má gba àyè de ẹnikẹ́ni. Mo mọ ìdílé wa, ẹnì kan á dúró nídìí ATM, kó tó kàn án ó ti di ènìyàn mẹ́ta. Wọn kì í fẹ́ ẹ níbẹ̀, ojú á sì ti àwọn ọmọ. Tí ẹ̀rọ bá sì kọṣẹ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó kàn yín, ọmọ kékeré tó wọ aṣọ iṣẹ́ tó ń kéde rẹ̀ kọ́ ló bà á jẹ́.

Ìwọ àti ọkọ rẹ, ẹ pín ìlà náà. Ọ̀kan tìrẹ, ọ̀kan tirẹ̀. Ẹni tí kò kàn kò gbọdọ̀ dá sí i, kó kàn máa wo àwọn èèyàn tó ń kọjá, kó sinmi. Lọ́jọ́ tí a lọ, ọkọ rẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti rẹ òun, títí ó fi sùn sórí tábìlì oúnjẹ.

Sọ fún Kẹ́hìndé pé mo ti ní àlọ́ tí yóò gba ògo rẹ̀, kó pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Owó páànù tí o ní o fẹ́ fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, jẹ́ kó dúró di ìgbà tí ẹ bá ti Orlando dé. Yàrá ẹ̀yìn nìkan ló ń jò, mo ti gbé agbada síbẹ̀, oúnjẹ inú páàkì yẹn sì wọ́n ju bí o ṣe rò lọ.

Èmi ni ìyá rẹ.