Ẹ Má Ṣe Di Ẹ̀bi Ru Àwọn Tó Gbé Ramp Tramp Balẹ̀

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ó máa ń dùn mí nígbàkúùgbà tí mo bá ka ìtàn Ramp Tramp, bàálù ajubọ́ǹbù B-29 ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó balẹ̀ ní pàjáwìrì sí Vladivostok ní ilẹ̀ Soviet ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, ọdún 1944, nítorí pé ọ̀pọ̀ tó ń sọ ọ́ ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló fọwọ́ ara wọn fa bàálù náà lé ìjọba Soviet lọ́wọ́. Wọn kì í sábà dárúkọ ẹ́ńjìnnì rárá.

Ilé iṣẹ́ irin tó wà ní Anshan, ní Manchuria tó wà lábẹ́ Japan nígbà náà, ni wọ́n lọ jù ní bọ́ǹbù. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì kan dẹnu kọlẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀nà tí ì bá gbé wọn padà sí ibùdó wọn ní àgbègbè Chengdu, ní ilẹ̀ China, lé ní ìlọ́po méjì ọ̀nà Vladivostok, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọn ì bá sì fò kọjá ló wà lọ́wọ́ ọ̀tá. Wright R-3350 ni ẹ́ńjìnnì ọ̀hún. Ó tètè máa ń gbóná jù, ó sì máa ń gbiná, bẹ́ẹ̀ ni magnesium tí wọ́n fi ṣe apá kan rẹ̀ kí ó lè fúyẹ́ kì í ṣeé pa bọ̀rọ̀ bí iná bá ti ràn mọ́ ọn. Iná ẹ́ńjìnnì yìí ló já bàálù B-29 tí Eddie Allen, awakọ̀ ilé iṣẹ́ Boeing, ń dán wò ní Seattle ní oṣù Kejì ọdún 1943, tí gbogbo àwọn 11 tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Kódà bí iná kò bá sọ, bí awakọ̀ kò bá rí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó kú yí kí etí rẹ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́, ńṣe ni yóò máa fa bàálù sẹ́yìn, tí mẹ́ta tó kù yóò máa ṣe làálàá, tí epo yóò sì máa tán.

Ta ni yóò wá bá wọn wí pé wọ́n yà sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń bá Jámánì jagun? Àdéhùn tí Soviet bá Japan ṣe ní ọdún 1941, pé àwọn kò ní bá ara wọn jà, ni ìjọba náà tẹ̀ lé tó fi há wọn mọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945 ni wọ́n tó rí ọ̀nà gba Iran jáde. Òótọ́ ni pé irú bàálù mẹ́ta bẹ́ẹ̀ tó balẹ̀ lọ́dún 1944 ni Tupolev, onímọ̀ ẹ̀rọ bàálù ilẹ̀ Soviet, wò ṣe Tu-4, bàálù ajubọ́ǹbù Soviet tí aráyé rí ní Tushino, ní Moscow, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1947. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún fẹ́ gbé ìtàn Tu-4 jáde, mo bẹ̀ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti orí ẹ́ńjìnnì tó kú lójú òfurufú.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tòótọ́.