Sí Ẹ̀yin Ọmọ Aládìrẹ tí Ẹ Fẹ́ Bá Ará Òkè Òkun Pa Ọgbọ́n Pọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Àrẹ̀dú o! Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń gba ìpè báyìí láti London, láti Amẹ́ríkà, láti Japan, pé kí ẹ wá fi àdìrẹ hàn wọ́n, tàbí pé àwọn náà fẹ́ wá jókòó tì yín l'Óṣogbo tàbí l'Ábẹ́òkúta fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹrù tí ẹ máa ń dì lọ ni kò dáa: aṣọ tó ti parí, tó ń dán, tí ẹ fi ọ̀rá wé. Ẹni tó bá rí i á yìn ín, á yà á ní fọ́tò, bóyá á rà á. Kò ní rí nǹkan kan kọ́, ẹ̀yin náà kò sì ní rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àkísà ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Torí náà, ẹ gé aṣọ òwú funfun wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, kó tó ogún. Ẹ rẹ àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìkejì lẹ́ẹ̀mejì, títí dé ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹ fi ọ̀kan tí ẹ̀kọ rẹ̀ (ẹ̀kọ láfún tí a fi ń ya ọnà kí aró má bàa wọ ibẹ̀) sán kún un, àti ọ̀kan tí aró kò mú. Ẹ kọ ọjọ́, ìwọ̀n àti iye ìṣẹ́jú sí etí gbogbo wọn. Èyí tó bàjẹ́ ló wúlò jù níbẹ̀, torí òun ni àlejò máa kọ́kọ́ gbé, tó máa bi yín pé, "Kí ló ṣe èyí?"

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọwọ́ àjèjì ń ba àdìrẹ jẹ́. Aṣọ funfun tí àwọn ìyá wa ń ya ẹ̀kọ sí, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń wá. Ọnà Olóba tí gbogbo wa ń yìn, ayẹyẹ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí Ọba George Karùn-ún lò lórí oyè ní 1935 ló bí i. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó, ilé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ s'Íbàdàn, ló wà lára ọnà Ìbàdàndùn, pẹ̀lú ṣíbí láàárín òpó sí òpó. Susanne Wenger, ọmọ Austria, dé sí ilẹ̀ wa ní 1950; ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin wa ló ti kọ́ ẹ̀kọ yíyà, ó sì fi ya ìtàn òrìṣà sórí aṣọ tó fẹ̀ bí ògiri. Nike Davies-Okundaye, aládìrẹ bíi tiyín, lọ kọ́ àwọn ará Maine l'Amẹ́ríkà ní 1974, ó sì dá ibùdó tirẹ̀ sílẹ̀ l'Óṣogbo ní 1983. Kò sí ìkankan nínú àwọn obìnrin méjèèjì yìí tó fi fọ́tò ṣe é. Ọwọ́ wọn wọ ẹ̀kọ.

Ẹ̀kọ yìí gan-an ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ife láfún kan sí omi ife mẹ́rin tàbí márùn-ún, pẹ̀lú álọ́ọ̀mù ṣíbí kékeré kan kó má bàa tètè kan. Omi tútù ni kí ẹ fi pò ó kó tó dé orí iná. Ẹ máa rò ó títí tó fi máa dán, kí ẹ sì sẹ́ ẹ kí kókó kankan má ṣẹ́kù. Bí ẹ bá fi ìyẹ́ adìẹ gbé e, kó máa fà bí oyin, kó má ṣàn bí ògì. Èyí tó bá ki jù á sán bó bá ti ń gbẹ, aró á sì gba ojú ibi tó sán wọlé bí iṣan ara. Èyí tó bá ṣàn jù á tàn kọjá ìlà. Nílé, afẹ́fẹ́ wa lọ́rinrin, ẹ̀kọ ń rọra gbẹ. Nínú yàrá tí wọ́n tan ẹ̀rọ amúlégbóná sí nígbà òtútù, á ti sán kí ẹ tó ya igun kejì tán.

Ẹ lọ wo ohun tí àwọn ará Japan ń ṣe sí tiwọn, èyí tí wọ́n ń pè ní nori. Ìyẹ̀fun ìrẹsì tó ń lẹ̀ àti èérí ìrẹsì ni wọ́n ń pò pọ̀. Wọ́n á fi ooru omi sè é, wọ́n á wá fi láìmù díẹ̀ (èyí tí wọ́n fi ń kun ògiri, kì í ṣe èso) rò ó. Inú ìwo tí wọ́n fi pépà ká ni wọ́n ti ń fún un jáde sórí aṣọ. Bó ṣe ń tutù lọ́wọ́, wọ́n á bu lẹ́búlẹ́bú pákó wọ́n lé e, kó má lẹ̀ mọ́ ohun mìíràn, kó má sì tètè sán. Ẹ dán lẹ́búlẹ́bú pákó yẹn wò lórí ẹ̀kọ láfún, kí àwọn náà gba ìyẹ́ adìẹ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀kọ tiwa kì í wọnú aṣọ dé ẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ fi máa ń dúdú látòkè délẹ̀. Ẹ má tọrọ àforíjì lórí ìyẹn.

Ìkòkò ló le jù. Kòkòrò tí ojú kò rí ló ń ṣiṣẹ́ nínú ìkòkò èlú wa, ooru ilẹ̀ wa ló sì ń gbé wọn ró. Nínú òtútù wọ́n á sùn, ẹ̀yin á rò pé eérú ni kò tó, ẹ ó tún da omi eérú sí i, omi á le jù, wọ́n á kú. Ní Tokushima, ní Japan, ewé aró tiwọn, tí kì í ṣe èlú, ni wọ́n máa ń kó jọ kó rà fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ kí wọ́n tó fi omi eérú rò ó. Ewé ọ̀tọ̀ ni, àmọ́ aláró tó bá mọ omi eérú á mọ ohun tí wọ́n ń sọ kí wọ́n tó sọ ọ́ tán.

Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ ní nílùú olótùútù, ẹ lo ọ̀nà tí Michel Garcia, aláró ará Faransé, tàn kálẹ̀: lẹ́búlẹ́bú aró ìwọ̀n kan, láìmù ìwọ̀n méjì, ṣúgà èso ìwọ̀n mẹ́ta. Fún omi gbígbóná lítà 20, aró gíráàmù 50, láìmù 100, ṣúgà 150. Ẹ rọra rò ó. Ẹni tó bá ń fọ́n ọn káàkiri ń ti afẹ́fẹ́ bọ inú rẹ̀ ni. Nígbà tí omi bá dà bí òróró ẹ̀pà, tí ojú rẹ̀ sì ń kọ bàbà, ó ti ṣetán. Láìmù á sùn sísàlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí aṣọ kàn án. Ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú rẹ̀, kí ẹ gbé e sókè títí àwọ̀ ewé á fi di búlúù, kí ẹ tún kì í bọ̀ ọ́. Aṣọ tí ẹ bá rì sínú rẹ̀ fún ìdajì wákàtí, ẹ̀kọ rẹ̀ á wú, á sì ṣí. Kọ́síkì sódà burú ju ìyẹn lọ, torí ó máa ń yọ́ ẹ̀kọ.

Nínú ìlú Nagoya, ní Japan, ni Arimatsu wà, àdúgbò tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1608, tí aṣọ dídì sì sọ di olókìkí. Ẹ̀yin tí ẹ ń di oṣùbàǹbà, ọnà roboto bí òṣùpá, ọwọ́ wọn ni kí ẹ wò. Òwú ni wọ́n ń yí mọ́ aṣọ, wọ́n á sì fi kókó tó ń yọ̀ pa á: bí wọ́n bá fà á, ó tú. Abẹ lẹ̀yin fi ń rẹ́ ìko, abẹ yẹn sì ti lu aṣọ púpọ̀. Ẹ di ìko díẹ̀ dání fún wọn, torí ó pẹlẹbẹ, ó ń bo aṣọ ju òwú lọ. Kí ẹ tó kó o, ẹ béèrè lọ́wọ́ aṣọ́bodè ìlú tí ẹ ń lọ bóyá wọ́n ń gba ohun ọ̀gbìn wọlé.

Ọ̀rọ̀ aró tó ń ṣí mọ́ra wà níbẹ̀ pẹ̀lú. A fẹ́ràn aṣọ tí wọ́n fi igi lù kó lè dán, àwa kò sì bínú bí aró bá kun ọrùn wa díẹ̀. Oníbàárà tó ní àga funfun nílé kò ní rẹ́rìn-ín. Ẹ fi omi tútù ṣan aṣọ títí omi á fi mọ́, ẹ fi fínígà díẹ̀ sí omi ìkẹyìn, kí ẹ fi aṣọ funfun gbígbẹ nù ún. Bó bá ṣì kun aṣọ funfun yẹn, ẹ padà sídìí omi.

Ẹ má fi orúkọ ọnà ṣeré. Bí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ bá fẹ́ ya ọnà Olókun sára tìmùtìmù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀: orúkọ ọnà náà, ìlú tó ti wá, ẹni tó yà á, iye tó máa ṣe, àti bóyá ó lè gbé e fún ilé iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ tẹ aṣọ. Ẹ̀yin náà ẹ béèrè kí ẹ tó ya tiwọn. Ìwé ojú kan tó, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí i.

Bí ẹ bá ń fi aṣọ ránṣẹ́ padà sílé, ẹ kọ́kọ́ fi ọjọ́ méjì sá a níbòòji. Ẹ fi pépà wé e, ẹ má fi ọ̀rá dì í, nítorí aṣọ tó bá ṣì lọ́rinrin níbi ẹ̀kọ á ti bu kó tó dé Ìtòkú, ọjà àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta.

Èmi àgbà yín nídìí aró.